Ibi tí ọjà ti wá: bí a ṣe ń fi orúkọ ìlú polówó ọjà, àti ìgbà tó yẹ ká panu mọ́

Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ ìyá onígàrí kan fún wákàtí kan péré. Abọ́ ńlá méjì ló wà níwájú ìyá náà, gàrí inú méjèèjì funfun, wọ́n jọra bí ìbejì. Oníbàárà dé, kò tíì bu ẹyọ kan sẹ́nu, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni: "Màmá, èwo ni Ìjẹ̀bú nínú ẹ̀?" Ìyá náà nawọ́ sí ọ̀kan, ìyẹn sì wọ́n ju èkejì lọ. Oníbàárà ò bèèrè ẹni tó yan án, kò bèèrè ọjọ́ tí wọ́n yan án. Orúkọ ìlú ti bá ìyá náà polówó tán.

Ohun tí ìtọ́sọ́nà yìí dá lé nìyẹn: bí orúkọ ìlú tàbí orílẹ̀-èdè tí ọjà ti wá ṣe ń yí ojú tí oníbàárà fi ń wò ó padà, àti bí ẹni tó ń ṣe ọjà, tó ń tà á, tàbí tó ń kọ ìpolówó rẹ̀ ṣe lè lò ó láìparọ́. Àwọn onímọ̀ ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò tipẹ́. Ní ọdún 1965, Robert Schooler tẹ ìwádìí kan jáde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Guatemala ló gbé omi èso àti ègé aṣọ fún. Ọjà kan náà ni gbogbo rẹ̀, orúkọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn nìkan ló yàtọ̀. Síbẹ̀, èyí tí wọ́n pè ní ti El Salvador àti ti Costa Rica kò níyì lójú wọn tó èyí tí wọ́n pè ní ti Guatemala àti ti Mẹ́síkò. Ahọ́n wọn ò mọ ìyàtọ̀. Lébẹ́ẹ̀lì ló sọ fún wọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wádìí ohun tó wà lọ́kàn oníbàárà

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí ẹ tó kọ orúkọ ìlú kankan sára páálí, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí orúkọ náà ń ṣe lọ́kàn ẹni tó máa san owó.

Ẹ má bi èèyàn pé, "Ṣé ẹ fẹ́ràn ọjà ilẹ̀ wa?" Gbogbo ènìyàn ló máa ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọn á sọ ọ́ tọkàntọkàn, wọn á sì gba ọjà lọ ra tòkunbọ̀. Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí: ẹ wá ife tàbí ike méjì tó bára mu, ẹ bu ọjà kan náà sínú méjèèjì, ẹ lẹ orúkọ ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ wọn. Ẹ wá ogún èèyàn tó jọ àwọn tí ẹ fẹ́ tà fún, kí ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹnì kan má baà gbọ́ ìdáhùn ẹnì kejì. Ìbéèrè mẹ́ta ti tó: Èwo lẹ máa mú? Èló lẹ lè san lórí rẹ̀? Kí ló mú yín mú un? Ìdáhùn kẹta ni kí ẹ kọ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn gan-an, torí inú rẹ̀ lẹ ti máa rí ọ̀rọ̀ ìpolówó. Tí ẹ bá parí, ẹ sọ fún wọn pé ọjà kan náà ni. Wọn á rẹ́rìn-ín, àwọn kan á tún bá yín jiyàn.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Orúkọ ìlú kì í lágbára bákan náà lórí gbogbo ọjà. Tòmátò la lè fọwọ́ tẹ̀, ẹja la lè ṣí ìjàgbá rẹ̀ wò. Ta ló lè fojú rí inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, tàbí inú oògùn ibà, tàbí ìpara inú ike? Níbi tí ojú àti ọwọ́ ò bá ti lè dájọ́, orúkọ ìlú ni oníbàárà ń di mú. Èyí ló fà á tí mẹkáníìkì fi máa ń yẹ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wò fúnra rẹ̀, nígbà tí ẹni tó ni ọkọ̀ ń bèèrè bóyá ti Jàpáànù ni.

Ẹ tiẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà, tòkunbọ̀. Ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ tó ti òkun bọ̀ la ń sọ bẹ́ẹ̀. Lónìí, ọkọ̀ àlòkù là ń pè bẹ́ẹ̀, oríyìn sì ni! Ọkọ̀ tí ará Jámánì ti wà fún ọdún mẹ́wàá máa ń wọ́n ju irú rẹ̀ gan-an tí ẹnì kan ti wà fún ọdún márùn-ún ní Ìbàdàn. Ìdí kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ojú ọ̀nà wa ń pa ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ọ̀nà nìkan ni oníbàárà ń san owó rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ fi orúkọ ibẹ̀ wé irú ọjà tí ẹ ń tà

Orílẹ̀-èdè kì í lókìkí lórí ohun gbogbo. Jámánì lórúkọ lórí ọkọ̀ àti ẹ̀rọ, Swítsàlandì lórí aago, Faransé lórí lọ́fínńdà, Ítálì lórí bàtà. Ẹ mú orúkọ Swítsàlandì lọ sórí ata rodo, ẹ ó rí i pé kò wúlò fún nǹkan kan.

Àwa náà ní tiwa. Ẹ bi oníná mànàmáná tó mọṣẹ́ dunjú pé wáyà wo ló fẹ́ fi wáyà ilé. Ti Nàìjíríà ló máa bèèrè, kò fẹ́ gbọ́ ti wáyà òkèèrè tín-ínrín tí bàbà inú rẹ̀ ò tó nǹkan. Nítorí náà, ẹni tó bá ń polówó wáyà ilẹ̀ wa tó wá fi orúkọ òyìnbó bò ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ju ohun tó níyì nù.

Ìmọ̀ràn tí mo máa ń fún àwọn oníṣẹ́ kéékèèké jù ni pé kí wọ́n dín orúkọ náà kù. "Nàìjíríà" fẹ̀ jù, ó sì ru ẹrù tó pọ̀ jù. Ìjẹ̀bú ló bá gàrí mu. Ọ̀fadà ló bá ìrẹsì mu, torí pé ìlú Ọ̀fadà ní ìpínlẹ̀ Ògùn ló fún un lórúkọ. Ìṣẹ́yìn ló ni aṣọ òkè, Abẹ́òkúta ló ni àdìrẹ, Àgége ló ni búrẹ́dì. Búrẹ́dì Àgége kúkú lágbára débi pé wọ́n ń ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ ò sì yí padà. Bí ọjà yín bá ti abúlé kan tí orúkọ rẹ̀ ti wà lẹ́nu àwọn èèyàn wá, ẹ gbé abúlé síwájú, kí orílẹ̀-èdè tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Kòlóńbíà ṣe irú iṣẹ́ yìí tọkàntọkàn. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ oníkọfí ibẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1927, rí i ní ìparí àwọn ọdún 1950 pé àwọn ará Amẹ́ríkà ń mu kọfí wọn láìmọ ibi tó ti wá, torí wọ́n ń pò ó mọ́ ti ibòmíràn. Wọ́n wá gba ilé iṣẹ́ ìpolówó ní New York, ìyẹn sì dá àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Juan Valdez, ẹni tí a ò bí rí, pẹ̀lú ìbaaka rẹ̀. Ọkùnrin náà ló ń rìn lórí òkè, tó ń fọwọ́ já kọfí lẹ́yọ lẹ́yọ. Kọfí tí kò lójú tẹ́lẹ̀ di kọfí tó nílé.

Ti àwa Yorùbá tiẹ̀ ti pẹ́ ju ìyẹn lọ. Ní Bahia, ní Bràsíl, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọjà tó bá ti etíkun ilẹ̀ wa dé ni wọ́n ń pè ní "da Costa": aṣọ da Costa, ọṣẹ da Costa, ata da Costa. Ọṣẹ dúdú wa nìyẹn o. Àwọn ọmọ wa níbẹ̀ ń san owó lé orúkọ etíkun náà, torí pé fún òrìṣà, ti ilé ni wọ́n ń wá. Ẹni tó bá ń ta ọṣẹ dúdú lónìí tó sì ń wá orúkọ Faransé tó máa lẹ̀ mọ́ ọn, kó rántí Bahia.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yan èwo gan-an ni "ibi tó ti wá"

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń lọ́jú pọ̀. Ọjà kan lè ní ilé mẹ́rin: ibi tí wọ́n ti ronú rẹ̀, ibi tí ohun èlò rẹ̀ ti wá, ibi tí wọ́n ti tò ó pọ̀, àti ibi tí orúkọ rẹ̀ ti gbajúmọ̀. Apple mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn fóònù wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún pé Kalifọ́níà ni wọ́n ti ya bátànì rẹ̀, Ṣáínà ni wọ́n ti tò ó pọ̀. Gbólóhùn méjì, òótọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n èwo ló ṣáájú?

Ẹ jẹ́ ká wo aṣọ òde wa, torí kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn tó bẹ́ẹ̀. Léèsì tí àwọn ìyá wa ń pè ní ti Súwísì, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò kan Swítsàlandì rárá. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn oníṣẹ́ ọnà ìránṣọ ní Vorarlberg, ní Ọ́stríà, pàápàá ìlú kékeré Lustenau, ti ń ṣe léèsì fún ọjà Nàìjíríà, tí àwọn oníṣòwò wa sì ń wọkọ̀ òfurufú lọ bá wọn níbẹ̀ láti sọ irú àwọ̀ àti ọnà tí wọ́n fẹ́. Lustenau kò jìnnà sí ẹnubodè Swítsàlandì. Àmọ́ lójú agbo, ta ló mọ Lustenau? Súwísì ló ní okìkí, Súwísì ló dúró lẹ́nu.

Àǹkárá tún ju ìyẹn lọ. Hollandis, bí a ṣe ń pè é, wá láti Helmond ní Họ́láńdì, níbi tí wọ́n ti dá Vlisco, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe aṣọ náà, sílẹ̀ ní 1846. Ọgbọ́n fífi ìda ya ọnà sára aṣọ, ilẹ̀ Jáfà ní Indonéṣíà ni àwọn Dọ́ọ̀ṣì ti kọ́ ọ. Àwọn tó sọ ọ́ di ọlá, àwọn obìnrin wa ni. Ní Lomé, ní Tógò, àwọn tó ń tà á lówó débi pé ọkọ̀ Mercedes-Benz ni wọ́n ń gùn, èyí ló sọ wọ́n ní Nana Benz. (Ẹ ṣàkíyèsí: wọ́n fi aṣọ Họ́láńdì ra ọkọ̀ Jámánì. Orúkọ ìlú ló wà nídìí méjèèjì.) Ní etí aṣọ ni Vlisco ń tẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀rí rẹ̀ sí pé ti Họ́láńdì ni, ìyá aláṣọ á sì yí etí náà síta kí oníbàárà lè kà á. Nígbà tí àwọn ayédèrú dé, etí aṣọ gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ jí.

Kí ni ẹ máa ṣe? Ẹ kọ ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ọjà yín ní sórí ìwé. Ẹ fagi lé èyí tí kì í bá ṣe òótọ́. Nínú èyí tó kù, ẹ mú èyí tí ogún èèyàn ìgbésẹ̀ kìíní dárúkọ láìbi wọ́n. Ẹni tó ń rán bàtà ní Muṣin pẹ̀lú awọ Kánò ní ohun méjì tó lè sọ, awọ Kánò ló sì máa wọ etí jù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ sọ ọ́ kó ní ẹ̀rí nínú

Orúkọ ìlú lásán ń sú èèyàn. Ẹ wo ìpolówó yìí, irú rẹ̀ pọ̀ lóde:

"Gàrí ojúlówó, iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ ká gbé ọjà ilẹ̀ wa lárugẹ!"

Ó dà bí ẹni tó ń tọrọ owó. Ó ń bẹ oníbàárà kó ṣàánú orílẹ̀-èdè, kò sì sọ ohun kan nípa gàrí. Ẹ wá wo èyí:

"Gàrí Ìjẹ̀bú. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kan nínú àpò kó tó dé orí iná. Ó gbẹ, ó wẹ́, kò sí iyanrìn ńbẹ̀. Omi tútù ló ń dúró dè."

Ìlú wà níbẹ̀, iṣẹ́ tí ìlú náà mọ̀ ọ́n ṣe sì wà níbẹ̀. (Bí tiyín bá jẹ́ ọjọ́ méjì, ẹ kọ méjì. Ahọ́n oníbàárà mọ ìkan.) Bákan náà ni fún àdìrẹ. Dípò "àdìrẹ Abẹ́òkúta gidi", ẹ ní kí wọ́n yí ẹ̀yìn aṣọ wò. Èyí tí a pa láró máa ń mu aró dé ẹ̀yìn. Ayédèrú tí ilé iṣẹ́ òkèèrè fi ẹ̀rọ tẹ̀, iwájú rẹ̀ ló ń dán, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣì. Irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ ń kọ́ oníbàárà ní ohun tó máa fi mọ tiyín yàtọ̀, kò sì ní gbàgbé.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹnu, àwọ̀, ohùn àti èdè náà ń sọ ibi tí ọjà ti wá. Audi fi gbólóhùn Jámánì kan ṣoṣo, "Vorsprung durch Technik", polówó fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìró rẹ̀ tó jọ ti ẹ̀rọ ti tó wọn. Ẹ fi ìyẹn wé ìpolówó wa tí wọ́n ń fi ohùn ẹni tó fẹ́ fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì kà lórí ọṣẹ dúdú. Ìwé ń sọ Ọ̀yọ́, ohùn ń sọ Lọ́ńdọ̀nù. Oníbàárà á gbọ́ ìjà náà bí kò tilẹ̀ lè ṣàlàyé rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bí orúkọ ibẹ̀ bá ti bàjẹ́ ńkọ́?

Orúkọ tó bàjẹ́ máa ń tún ṣe, ó kàn máa ń gba àkókò ni. Ní 1876, níbi ìpàtẹ àgbáyé ní Philadelphia, Franz Reuleaux tó jẹ́ ọmọ Jámánì fúnra rẹ̀ kọ̀wé sílé pé ọjà Jámánì pọ́ọ́kú, kò sì dára. Ní 1887, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé kí wọ́n kọ ibi tí ọjà òkèèrè ti wá sára rẹ̀, kí oníbàárà lè mọ ti Jámánì kó sì sá fún un. Àwọn Jámánì tún iṣẹ́ wọn ṣe, àmì ìtìjú náà sì padà di àmì ẹ̀yẹ. Jàpáànù gba ọ̀nà yìí náà lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, nígbà tí orúkọ rẹ̀ ò ju ohun ìṣeré tó ń tètè fọ́ lọ.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún ẹni tí orúkọ ìlú rẹ̀ ò tíì dáa lórí irú ọjà tó ń tà.

Ẹ lè dákẹ́. Ilé iṣẹ́ tó wá di Sony mú orúkọ yẹn ní 1958 torí pé kò jọ ti orílẹ̀-èdè kankan, ó sì rọrùn lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Akio Morita, ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, gbà pé àwọn tẹ "Made in Japan" kéré gan-an sára ọjà àwọn nígbà náà. Òfin ní kí ó wà níbẹ̀; kò sọ pé kí ó tóbi bí àkọlé.

Ẹ tún lè yá orúkọ ẹlòmíràn. Reuben Mattus, ará Bronx ní New York, ló ṣe áísìkiriìmù Häagen-Dazs ní nǹkan bí 1960. Orúkọ náà kò ní ìtumọ̀ lédè kankan. Ó kàn fẹ́ kó dún bí ti Dẹ́nmárkì ni, ó tiẹ̀ ya àwòrán ilẹ̀ Dẹ́nmárkì sí páálí ìbẹ̀rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún un. Èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó ṣe bẹ́ẹ̀ lóde òní. Oníbàárà kan tí mo ṣiṣẹ́ fún nígbà kan fi àwòrán àsíá Gẹ̀ẹ́sì sára ìpara irun tó ń pò ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó tà fún oṣù díẹ̀. Nígbà tó yá, ẹnì kan ya fọ́tò ẹ̀yìn ike níbi tí àdírẹ́sì wà, ó gbé e sórí WhatsApp. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Orí fóònù, kò gbà ju ọ̀sán kan.

Ọ̀nà kẹta ni mo fara mọ́: ẹ jẹ́ kí wọ́n dán an wò kí wọ́n tó bèèrè ìlú. Ẹ bu ìwọ̀nba fún wọn tọ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ dá owó padà bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ẹ fi ẹni tó ti ń lò ó hàn. Nígbà tí wọ́n bá sọ pé ó dára, ẹ wá sọ ibi tó ti wá. Ìyàlẹ́nu náà máa ṣe ìpolówó tó kù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Òfin

Kúkurú ni. NAFDAC fẹ́ orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe oúnjẹ, oògùn tàbí ìpara sára lébẹ́ẹ̀lì, torí náà ibi tó ti wá kò ṣeé fi pamọ́ pátápátá. ARCON, tí òfin 2022 gbé kalẹ̀, ló ń yẹ ìpolówó wò kó tó jáde, ti orí íntánẹ́ẹ̀tì náà wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni wọ́n sì ti fòfin de lílo àwọn àwòṣe àti ohùn àjèjì nínú ìpolówó tí wọ́n ń ṣe fún ọjà Nàìjíríà. Ní òkè òkun, ẹ má fi ẹnu lásán pe ọjà ní ti ibì kan. Aago tó fẹ́ jẹ́ ti Swítsàlandì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ó kéré tán, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ná wọn láti ṣe é ló jẹ́ ti ibẹ̀, láti ọdún 2017. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ọjà òun gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé gbogbo rẹ̀, tàbí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀, ló ti ibẹ̀ wá.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ yí ọ̀rọ̀ padà bí oníbàárà bá yí padà

Ọmọ wa tó wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, kì í ra ohun tí ẹni tó wà ní Ṣómólú ń rà, bí ọjà bá tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ wo Guinness. Wọ́n ti ń pọn ọ́n ní Ìkẹjà láti 1962. Lọ́ńdọ̀nù tó súnmọ́ Dublin ní Ireland, ìlú tí Guinness ti wá, bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí ọmọ Nàìjíríà tó ń wá ìgò tí wọ́n kó wá láti Nàìjíríà, tí kò fẹ́ èyí tó wà nílẹ̀. Òkìkí Ireland ò jámọ́ nǹkan lójú rẹ̀ nígbà yẹn. Ohun tó ń wá ni adùn tó mọ̀ nílé.

Nítorí náà, gàrí tí ẹ fẹ́ kó lọ síbẹ̀, ẹ fi Ìjẹ̀bú sí iwájú páálí kó tóbi, kí ẹ sì kọ Yorùbá sí i pẹ̀lú àmì ohùn tó pé. Èyí tí ẹ fẹ́ tà fún òyìnbó tí kò mọ gàrí rí, "Ìjẹ̀bú" kò tíì sọ ohunkóhun fún un. Ẹ kọ ohun tó jẹ́ àti bí a ṣe ń jẹ ẹ́, kí orúkọ ìlú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ máa ka iye tó ń tà

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ tẹ páálí méjì: ọ̀kan tí orúkọ ìlú wà níwájú, ọ̀kan tó wà lẹ́yìn. Ẹ kó iye kan náà lọ sí ìsọ̀ tó jọra, iye owó kan náà, kí ẹ sì máa kọ ohun tó tà lójoojúmọ́. Ẹ kọ iye àwọn tó padà wá rà lọ́tọ̀, torí orúkọ ìlú lè mú oníbàárà wá lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú páálí ló ń dá a padà. Bí èyí tí ìlú wà níwájú bá yára tà lọ́sẹ̀ kìíní tí kò sì sí ẹni tó padà wá lọ́sẹ̀ kẹta, ẹ fi ọ̀rọ̀ páálí sílẹ̀ ná. Ẹ padà lọ síbi tí wọ́n ti ń yan gàrí.